Àpò Ìjọba àti Ọ̀pá Ọlọ́pàá ní Èkó

Ohun méjì ni ìjọba fi ń jẹ́ ìjọba ní ibi gbogbo: àpò tí owó wà nínú rẹ̀, àti ọ̀pá tí a fi ń mú ẹni tí ó bá rú òfin. Láti ara ọ̀pá yìí ni orúkọ ọlọ́pàá ti jáde. Ẹni tí ó ní ọ̀pá lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó fi owó ara rẹ̀ ra ọ̀pá náà, kì í sì í ṣe òun ni ó ra aṣọ tí ó wọ̀. Ará ìlú tí ó ń san owó orí, owó ẹrù ní èbúté àti owó ilé ni ó ń ra gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: ta ni yóò bi ìjọba pé, “Owó tí a kó jọ fún yín ńkọ́? Ọ̀pá tí a fi lé yín lọ́wọ́, ta ni ẹ fi nà, kí sì ni ó ṣe?”

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní àwọn àdúgbò tí ó yí i ká ní erékùṣù Èkó, ìbéèrè yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ìjòyè béèrè rẹ̀, àwọn obìnrin ọlọ́jà béèrè rẹ̀, àwọn tí a dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ pẹ̀lú béèrè rẹ̀. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò hàn kedere bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ń yẹ ìnáwó ìjọba àti iṣẹ́ ọlọ́pàá wò, yóò sì hàn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

Ọdún 1861

Kí òyìnbó tó gba Èkó, agbára kò sí lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn Ìdẹ́jọ, ìjòyè onífìlà funfun, ni ó ni ilẹ̀. Àwọn Akárígbẹ̀rẹ́ ni ó ń fi ọba jẹ. Ọba tí ó wà ní Ìgà Ìdúngánràn, tí ó bá fẹ́ ṣe ohun ńlá, mọ̀ pé àwọn kan wà tí òun gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ lọ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus dúró lórí ọ̀sà, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe ìlérí fún un pé òun yóò máa gba ọ̀kẹ́ owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún. Láti ìgbà náà lọ, owó tí a ń gbà lórí ẹrù ní èbúté kúrò ní àpò ìgà, ó bọ́ sí àpò gómìnà.

Ní ọdún 1861 kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, nípa ìgbìyànjú William Gladstone tí ó ń ṣe àkóso ìṣúná nígbà náà, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ìwé owó tí ìjọba ti ná wò, kí ó sì mọ̀ bóyá ohun tí ilé fi àṣẹ sí ni a fi owó náà ṣe. Báyìí ni ó rí pé ní ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ láti bi ìjọba tiwọn léèrè owó, ní ọdún náà gan-an ni àwọn ará Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba tí wọn kò ní àṣẹ láti bi léèrè ohunkóhun. Lóòótọ́, a dá ìgbìmọ̀ aṣòfin kan sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1862, ṣùgbọ́n gómìnà ni ó ń yan àwọn tí ó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó sì ń ṣẹ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá rí. John Glover, tí ó ṣe àkóso Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 1863 sí 1872, kó àwọn Haúsá jọ, ó fún wọn ní ìbọn, ó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní 1879 a sọ wọ́n di ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ó ní òfin tirẹ̀. Ní 1896 a dá ẹgbẹ́ Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀. Ní 1930 sì ni a pa ọlọ́pàá Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀ di Ọlọ́pàá Nàìjíríà, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Èkó. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti hàn pé ẹni tí ó di ọ̀pá mú kì í ṣe ọmọ àdúgbò, kì í sì í ṣe àdúgbò ni ó ń jíhìn fún. Ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni ó ń jíṣẹ́ fún.

Owó ojú irin àti owó omi

Níbi tí kò bá sí ilé tí a ti lè béèrè ọ̀rọ̀, ìta ni a ó ti béèrè rẹ̀. Ní ọdún 1908, Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀ lábẹ́ ìjọba rí, kọ ìwé láti tú àṣírí bí àwọn òyìnbó kan ṣe ń ṣe owó ojú irin báṣubàṣu. Kò sí ẹni tí ó dìbò yàn án, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí ó rán an. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí olùṣàyẹ̀wò ìwé owó ń ṣe ni ó ṣe.

Ní ọdún náà gan-an ni ọ̀rọ̀ omi bẹ̀rẹ̀. Ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjú wá sí Èkó, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú san owó rẹ̀. Àwọn ará Èkó dáhùn pé kànga wà lágbàlá àwọn, pé àwọn òyìnbó ni omi náà yóò wúlò fún jù, àti pé kò sí ẹni tí ó bi àwọn kí a tó gbé ẹrù náà lé àwọn lórí. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrịṣadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti bá ìjọba jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, ìjọba kọ́ ilé omi náà. Nígbà tí ó di 1916 tí a ń béèrè owó, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú, ìgà Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí sì di ibi tí àwọn tí kò fẹ́ san owó ń wò fún ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ omi yìí kò ju ọ̀kan lọ. Omi ẹ̀rọ dára. Kò sí ẹni tí ó mu ún tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni pé a ná owó, a wá gbé ìwé gbèsè fún ẹni tí a kò bi léèrè. Bí a bá fẹ́ dá àjọ láàárín àwọn ọlọ́jà, a kọ́kọ́ máa ń pe ara wa jọ. Ẹni tí a kò pè sí ìpàdé kì í sáré mú owó wá.

Mẹ́rìndínláàádọ́ta

Òfin tí Gómìnà Hugh Clifford ṣe ní 1922 ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ará Èkó dìbò yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn. Ènìyàn mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun náà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Mọ́kàndínlógún kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Nínú mọ́kàndínlógún yìí, mẹ́rin péré ni a dìbò yàn: mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Calabar. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó £100, èyí tí Yorùbá wá ń pè ní àpò kan, kò lè dìbò. Obìnrin kò tilẹ̀ sí nínú ètò náà rárá. Ní 1923, ẹgbẹ́ òṣèlú tí Macaulay dá sílẹ̀, NNDP, gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó: Egerton Shyngle, Eric Moore àti Dókítà Adéníyì-Jones ni ó wọlé.

Kí ni àwọn mẹ́ta lè ṣe láàárín mẹ́rìndínláàádọ́ta? Wọn kò lè borí nínú ìbò, nítorí bí gbogbo mọ́kàndínlógún bá tilẹ̀ fi ohùn ṣọ̀kan, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣì ju wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè. Bí ẹnìkan nínú wọn bá bi ìjọba léèrè iye tí a ná lórí ohun kan, òṣìṣẹ́ ìjọba ní láti dáhùn, a ó sì tẹ ìbéèrè àti ìdáhùn sínú ìwé ìgbìmọ̀. Ohun tí a ti tẹ̀ sínú ìwé, ìwé ìròyìn lè gbé e jáde, ará Olówógbowó àti ará Ìta Fájì sì lè kà á. Bí ìbéèrè kò bá lè dí owó náà lọ́nà, yóò jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ná an.

Ibi tí ìbéèrè nìkan kò ti tó hàn nínú ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀. Ní 1920, nígbà tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá, tí Macaulay sì bá a lọ, ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ níbẹ̀ bí ìjọba nínú, wọ́n sì ní kí Èṣùgbàyí kọ̀ ọ́ ní gbangba. Nígbà tí kò ṣe é bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n ní Ẹlẹ́kọ̀ mọ́. Ní 1925 a rọ̀ ọ́ lóyè, a sì mú un lọ sí Ọ̀yọ́ láìsí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kankan. Ní gbogbo ọdún tí ó fi wà níbẹ̀, àwọn mẹ́ta tí Èkó dìbò yàn wà nínú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò lè dá a padà. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà ní 1931, láti ẹnu Lord Atkin: pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lè fi ọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ènìyàn àyàfi bí ó bá lè fi òfin tí ó tì í lẹ́yìn han adájọ́. Ní ọdún náà ni Èṣùgbàyí padà sí Èkó. Ìdájọ́ yìí ni gbòǹgbò ohun gbogbo tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá títí di òní: kì í ṣe ẹni tí a mú ni yóò wí ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ mú òun, ẹni tí ó mú un ni yóò fi òfin hàn.

Àwọn obìnrin ọlọ́jà pẹ̀lú mọ bí a ti ń béèrè. Ní 1940, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ, Àlímọ̀tù Pẹ̀léwúrà, tí ó ń ta ẹja ní ọjà Ẹ̀rẹ̀kọ̀ tí ó sì jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, kó wọn jáde. Obìnrin kò ní ìbò. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn béèrè ibi tí owó náà yóò gbà. Ìjọba gbọ́, ó sì gbé ìwọ̀n náà lọ sí £200.

Láti pápá eré ẹṣin títí di 1966

Lẹ́yìn òfin Gómìnà Richards, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ nínú ìgbìmọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn òfin 1951, ilé aṣòfin ní Èkó di ti àwọn tí ìlú yàn. Ẹ̀gbẹ́ pápá eré ẹṣin, ibi tí a wá ń pè ní Tafawa Balewa Square, ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, òfin ìlú fi lélẹ̀ pé olórí àwọn olùṣàyẹ̀wò ìwé owó yóò máa gbé àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wá síwájú ilé.

Kò yẹ kí a rò pé nígbà tí dúdú dé orí àga, owó bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ara rẹ̀. Ní 1953, Bernard Storey, akọ̀wé ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí sí iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó, ó sì rí i pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ náà. Ní 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí ti Adájọ́ Coker yẹ ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò. Àwọn ìwádìí méjèèjì dé lẹ́yìn tí owó ti lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwádìí àti àyẹ̀wò ọdọọdún nìyí: ìwádìí ń bọ̀ nígbà tí ilé ti jó, àyẹ̀wò ń rìn káàkiri láti wo ibi tí iná wà.

Láti oṣù kìn-ín-ní 1966 títí di oṣù kẹwàá 1979, ológun ni ó ṣe ìjọba, kò sí ilé aṣòfin. Láti ìparí 1983 títí di 1999 pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni, àyàfi ìgbà kúkúrú kan ní 1992 àti 1993. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹni tí ó ń ná owó náà ni ó ń ṣe òfin, ẹni tí ó sì ń ṣe òfin náà ni ó ń pàṣẹ fún ọlọ́pàá. Àṣà bíbéèrè kú láàárín wọn, àṣà tí ó bá sì kú kì í tún jí lọ́jọ́ kan.

Bí a ti ń yẹ àpò wò

Òfin 1999 fi ọ̀nà lélẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí, ọ̀nà náà sì rí bákan náà ní ilé aṣòfin àpapọ̀ àti ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, owó tí ó bá wọlé fún ìjọba gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àpò kan ṣoṣo, a kò sì gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ilé ti fi òfin gbà á. Lẹ́ẹ̀kejì, Ààrẹ tàbí Gómìnà yóò gbé ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀ wá síwájú ilé, àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké yóò sì pe ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti wá ṣàlàyé tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí ọdún bá parí, akápò àgbà yóò kọ ìwé ohun tí a ná, olùṣàyẹ̀wò àgbà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì gbé àbọ̀ rẹ̀ fún ilé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ìwé náà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òfin wí pé kò sí ẹni tí ó lè darí rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìṣirò owó ìlú ni yóò gbé àbọ̀ náà yẹ̀ wò. Lẹ́ẹ̀kẹrin, bí ilé bá fura sí ìwà ìbàjẹ́ tàbí ìnákúnàá, ó lè ṣe ìwádìí, kí ó sì pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí.

Kò sí ohun àjèjì nínú èyí fún ẹni tí ó bá mọ àjọ. Alájọ tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà ní Ìdúmọ̀tà ń fi àmì sí káàdì lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, ẹni tí ó dá owó yóò gbé káàdì rẹ̀ jáde, yóò ka àmì, yóò sì ka owó. Ètò ìnáwó ni káàdì. Àbọ̀ olùṣàyẹ̀wò ni kíka owó. Ẹni tí ó ní káàdì ṣùgbọ́n tí kò ka owó, kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní káàdì.

Àpò méjì, ọ̀pá kan

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ ni ti ọlọ́pàá. Òfin 1999, bí a ti kọ ọ́, wí pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Owó oṣù ọlọ́pàá tí ó dúró ní Lion Building ní Lafíàjì, Àbújá ni ó ti ń wá. Àwọn aṣòfin tí wọ́n wà ní Àbújá ni ó sì lè béèrè rẹ̀. Gómìnà lè pàṣẹ tí ó bá òfin mu fún ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ nípa ààbò ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà lè ní kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ààrẹ.

Síbẹ̀, Èkó ń ná owó lórí ọlọ́pàá yìí kan náà. Ní 2007, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó dá àpò ìrànlọ́wọ́ ààbò sílẹ̀, níbi tí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń kó owó jọ láti ra ọkọ̀ àti ohun èlò fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọ̀pá kan ni, àpò méjì ni ó ń bọ́ ọ. Aṣòfin ní Ìkẹjà lè béèrè pé ọkọ̀ mélòó ni a rà; kò lè pàṣẹ fún ẹni tí ó wà ọkọ̀ náà. Aṣòfin ní Àbújá lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti Àbújá sí Òkè Àrin, ẹni tí a nà ní Òkè Àrin kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí ojú aṣòfin.

Ohun tí àlàfo yìí lè dá sílẹ̀ hàn ní ọdún 2020. Àwọn ọ̀dọ́ jáde láti tako ìwà ipá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, a tú ẹ̀ka náà ká. Ní ogúnjọ́, ìbọn dún ní ẹnu ibodè Lẹ́kkí. Ní ọjọ́ kejì, àwọn jàǹdùkú wọ Ìgà Ìdúngánràn, wọ́n ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Èkó jáde. Ilé ẹjọ́ gíga ní Ìgbóṣeré jóná pẹ̀lú ìwé tí ó wà nínú rẹ̀. Ìgà kò pàṣẹ fún SARS, ilé ẹjọ́ kò sì pàṣẹ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ará ìlú kò bá mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò ti béèrè, gbogbo ilẹ̀kùn ni ìbínú máa ń kàn.

Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Òkúwọbí ni alága rẹ̀. Ó gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, pẹ̀lú àbá méjìlélọ́gbọ̀n. Ìjọba ìpínlẹ̀ gba mọ́kànlá, ó gba mẹ́fà pẹ̀lú àtúnṣe, ó kọ ọ̀kan. Mẹ́rìnlá tí ó kù, ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀, nítorí pé wọn kò sí lábẹ́ àṣẹ òun. Iye yìí, mẹ́rìnlá nínú méjìlélọ́gbọ̀n, ni ìwọ̀n àlàfo tí ó wà láàárín àpò méjèèjì.

Ohun tí ó kù láti béèrè

Bóyá ọlọ́pàá jẹ́ ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ohun mẹ́ta ni ilé aṣòfin tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní, kí a ka owó ọlọ́pàá láti inú àpò méjèèjì pọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ilé kọ̀ọ̀kan ń wo ìdajì. Èkejì, kí a gba àbọ̀ olùṣàyẹ̀wò lásìkò, nítorí ìbéèrè tí ó dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún ti di ìtàn. Ẹ̀kẹta, kí a má béèrè owó nìkan. Ọkọ̀ lè pé, aṣọ lè pé, ìwé ìṣirò lè mọ́ tónítóní, kí ènìyàn sì wà ní àtìmọ́lé láìsí ẹjọ́. Bí ilé bá béèrè iye ọkọ̀, kí ó béèrè iye ènìyàn tí a mú, iye tí a gbé lọ sí ilé ẹjọ́, àti iye tí a dá sílẹ̀ láìrí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn.

A-bèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ni àwọn àgbà wí. Egerton Shyngle àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé àwọn yóò kùnà nígbàkígbà tí a bá ka ìbò, síbẹ̀ wọn kò dákẹ́. Àwọn tí wọ́n ní ìbò tí ó tó nínú ilé lónìí kò ní àwíjàre tí wọn yóò fi dákẹ́.